Màmá Tó Ń Sín Bóòtù Bí Ìlẹ̀kẹ̀

Okùn kan ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ jíìpù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Àkúrẹ́ nígbà náà. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo lọ kí ìyá ìyá mi ní Ìjàpó, ṣùgbọ́n n kò bá a nínú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kan, pẹ̀lú sálúbàtà tó máa ń wọ̀ lọ sọ́jà. Ẹní ló tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ náà, ó sì dùbúlẹ̀ lé e bí ẹni tó ń najú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Tọ́pẹ́ ni. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Ìwọ náà kú àbọ̀. Jókòó síbẹ̀, kí o sì gba èyí lọ́wọ́ mi."

Ó na ọwọ́ jáde. Okùn tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò kòkó ló mú dání, ó sì ti sín bóòtù àti nọ́ọ̀tì sí i lára bí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí fún ọmọ obìnrin. Níbi tí ìsọ̀rí kan bá parí sí, á so àjákù aṣọ mọ́ ọn: àkísà pupa fún ibi jíà, búlúù fún ibi bíréèkì, aṣọ òdòdó kan tí mo mọ̀ dáadáa, nítorí pé kọ́tìnnì yàrá ìyá mi ni tẹ́lẹ̀, fún ibi ẹ́ńjìnnì.

"Èyí tí mo kọ́kọ́ tú ló wà nísàlẹ̀," ó sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ọkọ̀, "èyí tí mo tú kẹ́yìn ló wà lókè. Bí mo bá fẹ́ dá wọn padà, òkè ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Máa yọ wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Má fo ọ̀kankan."

Mo gbé okùn náà sókè sójú oòrùn. Gbogbo inú ọkọ̀ náà ló wà lọ́wọ́ mi, ní ẹsẹẹsẹ, láìsí lẹ́tà kan lára rẹ̀, tí mo sì lè kà á. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti mọ ìyàtọ̀ láàárín bóòtù tó gba sípánà onímìlímítà àti èyí tó gba ti ìdá ínṣì, mo sì ti ba ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́. Màmá wo ọ̀rá tó wà láyà mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ti fọwọ́ kàn ọ́. Kò ní lọ mọ́."

Màmá ti lọ báyìí. Ìwé ìsìnkú rẹ̀ ti sọ ibi tí wọ́n bí i sí, ilé ìwé tó lọ àti iye ọmọ tó fi sáyé, n kò ní tún un sọ. Èmi fẹ́ sọ bó ṣe ń di sípánà mú, ohun tó ń sọ nígbà tí bóòtù bá kọ̀, àti ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Màmá jẹ́, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn obìnrin abà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ kó má bàjẹ́: bí wọ́n ṣe ń se oje èso sínú ìgò, bí wọ́n ṣe ń gbẹ tòmátì. Irú jíìpù bẹ́ẹ̀, onígun mẹ́rin, tí táyà àrọ́pò rẹ̀ wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fi ń gbé wọn lọ sí abà. Dírẹ́bà á máa wakọ̀, Màmá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpótí ìgò lórí itan. Gbogbo ìgbà tó fi ṣiṣẹ́, wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan sítíárìn. Ó máa ń sọ pé, "Bí ọkọ̀ bá rì, àwa obìnrin la ń sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Mo ti ti jíìpù ju bí mo ṣe gùn ún lọ."

Nítorí náà, nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ilé iṣẹ́ kan ní Alágbàká ń ta àwọn ẹrù àtijọ́ ní gbàǹjo, kò wo àga, kò wo fíríìjì. Jíìpù kan wà lẹ́yìn ọgbà wọn tí ẹnikẹ́ni kò súnmọ́. Ewúro ti hù gba inú ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde láti ojú fèrèsé. Màmá rà á. Kí wọ́n tó fi okùn fà á délé, ó já ewúro náà, ó sì fi se ọbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Ṣọlá, ẹni tó jẹ́ àkọ́bí Màmá, dúró ní ẹnu géètì, ó di ọwọ́ mẹ́yìn.

"Màmá, ẹ ti ní mọ́tò kékeré tó dáa. Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Tún un ṣe."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kí n tún un ṣe sí i."

"Èyí tó dáa ńkọ́?"

"Èyí tó dáa kò nílò mi," Màmá dáhùn, ó sì ní kó ran òun lọ́wọ́ kí àwọn tì í wọlé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré lásán ló wà níbẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni Màmá, ọkọ ló gbé e wá sí Àkúrẹ́. Ìyá rẹ̀ kú sí oko kòkó wọn, níwájú Oǹdó lọ́hùn-ún, ní àárín òjò, ní ìgbà tí ọ̀nà ti di ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ kankan kò lè dé ibẹ̀ láti gbé òkú náà wálé. Wọ́n sin ín sábẹ́ igi obì kan nínú oko. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ bí ó ṣe máa ń rí lára ọmọ pé ilé kọ́ ni wọ́n sin ìyá òun sí. Màmá ti máa ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ lọ́dọọdún, òun àti àbúrò rẹ̀, ẹni tí à ń pè ní Màmá Òkè-Lísà nítorí àdúgbò tó ń gbé ní Oǹdó. Nígbà tí ó yá, orúnkún àbúrò náà bàjẹ́. Kò lè rìn jìnnà mọ́, ọ̀kadà sì ti gbé e ṣubú rí, ó ní òun kò ní gùn ún mọ́ láéláé. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti rí ibojì ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi fẹ́ jíìpù: kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa àbúrò rẹ̀ dé abẹ́ igi obì náà, kó sì wà á padà.

Kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Màmá kì í bá bóòtù jà. Bí ó bá kọ̀, á ta epo sí i, á bò ó bí ẹni bo ọgbẹ́, á lọ jẹun. Ó ní irin kì í bínú, ẹni tó mú un dání ló ń bínú. Ọ̀gá Sùlé, mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Àkúrẹ́, ló máa ń wá ràn án lọ́wọ́ níbi tí agbára obìnrin àgbàlagbà kò ká. Ọmọlúàbí ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n to ibi jíà padà tán, bóòtù kan kù lórí okùn.

"Màmá, uṣẹ́ ti parí," Ọ̀gá Sùlé sọ, nítorí "uṣẹ́" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe iṣẹ́. "Ìyẹn kò ṣe nǹkan. Mọ́tò máa ń ní àṣẹ́kù."

"Àṣẹ́kù? Ṣé ìrẹsì ni?"

"Màmá, ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ṣe, wọ́n máa ń fi jàrá sí i."

"Sùlé, mo mọ òyìnbó. Òyìnbó tó máa fún ọ ní jàrá, a kò tíì bí i."

Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ padà. Irin tí jíà jókòó lé lápá òsì ni bóòtù náà ti wá, níbi tí ojú kò lè tètè rí. Bí kò bá sí i níbẹ̀, jíà ì bá máa mì títí tí yóò fi fọ́. Màmá nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó wo àwa méjèèjì. "Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a tò ó tán, ìbéèrè ni. Ẹ máa dá a lóhùn."

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀bítà kò parí wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa irú jíìpù yìí ni pé férémù rẹ̀ nìkan àti ògiri iwájú rẹ̀ ni irin gidi. Gbogbo awọ ara rẹ̀ jẹ́ irú irin fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò funfun. Bí o bá gbé òòfà sí i, yóò já bọ́ ni. Mo ti sọ èyí fún pánẹ́ẹ̀bítà náà, àmọ́ ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ilé ìwé, ó gbé iná gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tó ti tẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ibẹ̀ yọ́, ihò tó gba ìkúùkù wà níbẹ̀. Bàbá Ṣọlá ní kí wọ́n fi pọ́tì dí i, kí wọ́n kùn ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Èmi á mọ̀," ni Màmá wí.

Ó wọlé lọ, ó gbé tírè funfun kan jáde, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára. Ó fi àlùmọ́gàjí ìgé-páànù gé e, a sì fi rífẹ́ẹ̀tì kàn án mọ́ ihò náà. Rífẹ́ẹ̀tì náà, mo rí i dájú pé irú irin fífúyẹ́ kan náà ni, torí pé irin gidi àti èyí kì í gbé pọ̀ bí omi bá wà láàárín wọn, ọ̀kan á máa jẹ ìkejì. Níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn, a fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ sáàárín. Orúkọ Màmá ṣì wà nínú ibẹ̀ títí di òní, bí o bá tẹrí ba wò ó láti abẹ́. Bàbá Ṣọlá ní ó ṣe jẹ́ tírè ẹ̀bùn ni wọ́n gé. Màmá ní, "Wọ́n ní kí n máa fi gbé ohun mímu fún àlejò. Èmi ló wá ń gbé báyìí, ṣé kò dáa ni?"

Nígbà tí jíìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ayọ̀ rẹ̀ pọ̀. Màmá wà á yí ká Ìjàpó, ó wà á lọ sí Alágbàká lọ fi han àwọn tó kù níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti dorí kọ Oǹdó, òkè kan wà kí a tó dé Òwènà tí ọkọ̀ náà kì í gùn láìhó. Rédíétọ̀ á máa tú èéfín bí ìkòkò omi ẹ̀bà. A ó dúró, a ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó dúró kí ó tutù, a ó da omi sí i. Kẹ́ẹ̀gì omi ni ẹrù wa tó pọ̀ jù. Tí a bá ti gun òkè náà tán, ó tún ku òkè ti Bọ́lọ́rundúró. Bí a bá dé Òkè-Lísà, àbúrò Màmá á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí, á sì ti gbóòórùn wa kó tó rí wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbé ìkòkò yín dé? Kí lẹ ń sè nínú ẹ̀ lónìí, ẹ̀wà ni àbí ẹ̀pà?"

"Wọlé ká lọ sóko, ìwọ."

"Nínú èyí? Tó bá hó sí àárín igbó ńkọ́? Ẹ̀yin á rìn wálé, èmi ńkọ́? Wọ́n á wá sin èmi náà síbẹ̀." Nígbà náà ni ohùn rẹ̀ á rọ̀. "Ọjọ́ tí ẹ bá ti Àkúrẹ́ dé ibí láìbu omi, n ó wọ̀ ọ́. Mo ṣèlérí."

Màmá kì í bá a jiyàn, nítorí òtítọ́ ni. Ní ọ̀nà ilé, tí a bá ti kọjá Òwènà, á sọ ohun kan náà: "Orúnkún rẹ̀ kò ní dúró dè mí."

A ti pààrọ̀ rédíétọ̀. A ti pààrọ̀ fáànù àti bẹ́líìtì. Mo ra géèjì tó ní nọ́ńbà, mo kàn án síwájú dírẹ́bà kí a lè mọ ibi tí ooru dé gan-an. Ní òkè Òwènà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń kọjá ọgọ́rùn-ún. Bí mo ṣe ń kàwé tí mo ń wo àwòrán ẹ́ńjìnnì lórí fóònù ni mo rí ohun tí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ó ti yọ tẹmositáàtì.

Gbogbo ẹni tó bá ní mọ́tò nílẹ̀ yìí mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Tẹmositáàtì ni ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná. Àwọn mẹkáníìkì wa a sì máa sọ pé ilẹ̀ òyìnbó tó tutù ló wà fún, pé ilẹ̀ tiwa ti gbóná tán, kí ni a tún fẹ́ fi ìlẹ̀kùn ṣe? Wọ́n á yọ ọ́ sọnù. Màmá gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì ti wàásù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

"Màmá, ọ̀nà méjì ni omi ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì yìí," mo ṣàlàyé fún un. "Ọ̀nà jíjìn gba inú rédíétọ̀ kọjá, ibẹ̀ ni omi ti ń tutù. Ọ̀nà kúkúrú yí padà sínú ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Tẹmositáàtì irú ọkọ̀ yìí ní ọrùn kan lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣí ọ̀nà jíjìn, ọrùn náà á ti ọ̀nà kúkúrú. Ẹ ti yọ ọ́, ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀. Omi wá dà bí ọmọ tí a rán lọ sí ọjà, tó gba ẹ̀yìnkùlé padà wálé láìdé ọjà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo kà á lórí fóònù."

"Fóònù kò gun òkè Òwènà rí." Ó yí ẹ̀yìn sí mi. "Ohun tó ń hó, ìwọ fẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Tọ́pẹ́, lọ sinmi."

Ó pẹ́ tí a fi ń bá ara wa jà lórí rẹ̀. Kò bá mi wí, àmọ́ kò gbọ́. Nígbà tó yá, mo rí tẹmositáàtì ọlọ́rùn gan-an ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù, mo gbé e wá sílé.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sè é."

"Sè kí ni?"

"Nǹkan yìí. Ẹ yá mi ní tẹmómítà tí ẹ fi ń kọ́ àwọn obìnrin abà."

"Nínú ìkòkò ta ni? Kì í ṣe èyí tí mo fi ń se ọbẹ̀ o."

Ó gbé ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ ti dúdú fún mi. Mo fi òwú so tẹmositáàtì náà kọ́ sínú omi kó má kan ìdí ìkòkò, torí ìdí ìkòkò máa ń gbóná ju omi lọ, mo sì gbé tẹmómítà rẹ̀ gígùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá fa àga mọ́ra. Ní ọgọ́rin, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ní méjìlélọ́gọ́rin, ó la ẹnu díẹ̀ bí ẹja. Kó tó di àádọ́rùn-ún, ó ti ṣí gbayawu, ọrùn rẹ̀ sì ti sún sísàlẹ̀, níbi tí yóò ti dí ọ̀nà kúkúrú.

Màmá tẹrí ba wo inú ìkòkò. Ó dín iná kù, ó dúró títí ó fi pa dé. Ó fi iná kún un, ó tún ṣí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń wo oje ọsàn. Lẹ́yìn náà ló pa iná, ó mí kanlẹ̀.

"Gbogbo àwọn tí mo sọ fún ńkọ́?"

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi ń mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ni yóò kàn dá a padà sínú ọkọ̀ tiwọn, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Màmá ní kí n wa òun lọ bá gbogbo ẹni tó ti gba ìmọ̀ràn òun. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sùlé, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sínú ọ̀rá níbi tó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Èyí tó jìnnà jù ni àgbẹ̀ kan ní Ìjàrẹ́, tó ń fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kó iṣu. Kì í ṣe pé ọkọ̀ rẹ̀ jọ tiwa, àmọ́ Màmá ti ní kí n wo àwòrán irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lórí fóònù, mo sì ti rí i pé ọ̀nà kúkúrú wà nínú tirẹ̀ náà. Ó ti ra tẹmositáàtì tó bá ọkọ̀ náà mu, ó wé e sínú áńkáṣíìfù.

A bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń to iṣu. Ó yára na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀ kí i.

"Dìde, ọmọ mi. Mọ́tò rẹ ṣì ń hó?"

"Ó ń hó o, Màmá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀nà wa kò dáa."

"Ọ̀nà kọ́. Èmi ni. Èmi ni mo sọ fún ọ pé kí o yọ nǹkan yẹn. Irọ́ ni mo pa fún ọ, n kò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin, Màmá? Ẹ̀yin ni ẹ ń bẹ̀ mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"N kò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Gba sípánà, ká dá a padà kí n tó lọ."

Ìyàwó náà fún wa ní iṣu tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí a ń lọ. Mo bi Màmá ní ọ̀nà pé ṣé kò bá ti rán mi, kó jókòó sílé. Ó ní, "Àgbà tó bá ṣi ọmọ lọ́nà, ẹsẹ̀ àgbà yẹn ló yẹ kó rìn ín padà."

A dá tẹmositáàtì padà sínú jíìpù tiwa ní ọ̀sẹ̀ náà, a sì forí lé Oǹdó. Màmá ló wà á. Ní òkè Òwènà, èmi kò lè wo géèjì, òun ló ń pè é fún mi bí ẹni ń pe kálòkálò: "Márùndínláàádọ́rùn-ún. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó dúró. Tọ́pẹ́, ó dúró!" A gùn ún dé orí. Ó fọn fèrè ọkọ̀ títí tí àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Òwènà fi ń juwọ́ sí wa láìmọ ìdí. Nígbà tí a dé Òkè-Lísà, Màmá fúnra rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi sọ̀ kalẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú, ó gbé e síwájú àbúrò rẹ̀.

Màmá Òkè-Lísà fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ó wo inú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú gèlè mi."

A kò dé oko lọ́jọ́ náà. Òjò ti gbé afárá onígi orí odò kan lọ, ó ku díẹ̀ ká dé ibẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó síwájú, wọ́n wo omi tó ń ṣàn lọ. Mo rò pé Màmá máa bínú. Ó mú jíà, ó yí ọkọ̀ padà lójú ọ̀nà tóóró náà láìkan igi kan. "A ó padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn," ó wí. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúkú ti rí odò náà. Ó ti pẹ́ tí mo rí i gbẹ̀yìn."

Ẹ̀ẹ̀rùn kò bá Màmá láyé. Ó sùn, kò jí. Wọ́n sin ín sí Àkúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà dáa, gbogbo ẹni tó fẹ́ dé ibẹ̀ ló dé: Ọ̀gá Sùlé àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àgbẹ̀ Ìjàrẹ́ àti ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Ṣọlá gbé kọ́kọ́rọ́ jíìpù fún mi. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ohun tó sọ ni pé, "Ìwọ ló nílò rẹ̀. Ó nílò ìwọ náà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Mo ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì lónìí, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó mọ̀ pé ibi tí mo ti kọ́ sùúrù ni abẹ́ ọkọ̀, lórí ẹní. Mo dúpẹ́ pé ó jẹ́ kí n bá òun jiyàn, pé kò fi ọjọ́ orí pa mí lẹ́nu mọ́, pé nígbà tí mo jàre kò fi ṣe ìbínú. Mo mọ àwọn tó ní àwọn òbí àgbà tó lówó. Èmi ní èyí tó ń dá ìbéèrè lóhùn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ará abà ti gbé ìtì igi tuntun lé odò náà. Mo tún kabúrétọ̀ ṣe, mo yẹ ẹnu pùlọ́ọ̀gì wò, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, mo sì rọ epo kún táǹkì dé ẹnu ní Àkúrẹ́. Mo gbé Màmá Òkè-Lísà síwájú ní Oǹdó. Gbogbo ọ̀nà ni ojú rẹ̀ fi wà lára géèjì.

"Tọ́pẹ́, abẹ́rẹ́ yẹn ń lọ sókè."

"Kò lọ, Màmá. Ó dúró."

"Ó mì."

"Ọ̀nà ló mì ín, mà."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu afárá, mo yẹ ìtì igi náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó wa ọkọ̀ gùn ún ní jíà ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn odò, ewé kòkó bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo dúró sí ibi tó sún mọ́ igi obì náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò ju kí Màmá Òkè-Lísà na ọwọ́ kó di apá mi mú kó sọ̀ kalẹ̀. Ó fa koríko tó hù sórí ibojì, ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Oǹdó, n kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo gbọ́ ni pé, "Ìyá, àwa náà rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà mí dé ìdajì, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló parí ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó bi mí pé ṣé a ò ní pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. A pẹ́ níbẹ̀. A jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun tí mo rà ní Òwènà, a jọ jókòó lábẹ́ igi náà títí tí oòrùn fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́, mo tún rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, mo sì ṣe ìṣirò. Láti Àkúrẹ́ dé oko àti àbọ̀, kìlómítà 141, epo lítà 21. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà 6.7 lórí lítà kan, nígbà tí kì í kọjá 4.6 tẹ́lẹ̀. Ibi tí ooru ga dé jù ní òkè Òwènà ni 86. Omi tí a bù sí i lójú ọ̀nà, àlọ àti àbọ̀: òdo.